Lẹ́tà Ẹni Méjì

Akọ̀wé ni bàbá àti ìyá kan ń pe ọmọbìnrin wọn, torí òun ló ń bá wọn tẹ gbogbo lẹ́tà ṣọ́ọ̀bù kọ́tìnnì wọn. Bàbá ń gé aṣọ, ìyá ń rán an. Òfin ibẹ̀ ò le rárá: bí Akọ̀wé bá tẹ lẹ́tà tán, á kà á sókè, bàbá á ní "Ó tọ́," ìyá á ní "Ó tọ́," kó tó jáde. Ẹnì kan kì í dá sọ̀rọ̀ fún ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Lọ́jọ́ yìí, hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan fẹ́ kí wọ́n rán kọ́tìnnì gbogbo yàrá òun, ó sì ń retí èsì kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Kọ ọ́ pé èmi àti ìyá rẹ ti gbà," bàbá wí, kò gbójú kúrò lára aṣọ tó ń gé.

"Ìyá wo?" ìyá dáhùn látìdí máṣíìnì. "Èmi ò gba nǹkan kan o. Yọ mí kúrò níbẹ̀."

Akọ̀wé yọ ọ́, ó kà á: "Mo ti gbà láti rán kọ́tìnnì náà."

"Ta ló fẹ́ rán an?" bàbá bú jáde. "Ṣé èmi tí mi ò mọ abẹ́rẹ́ dì mú? Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Dá ìyá rẹ padà síbẹ̀!"

Ó dá a padà. Ìyá pòṣé. Akọ̀wé tún yọ ọ́. Bàbá húkọ́. Kí ló wá fẹ́ kọ? Ṣé pé bàbá òun gbà, ìyá òun kọ̀? Oníbàárà wo ló máa gba irú wèrè bẹ́ẹ̀? Orí ọmọ dàrú bí òwú tó lọ́ mọ́ra. Ẹ̀rù sì ń bà á ju ti lẹ́tà lọ, torí láàárọ̀ yẹn ló rí ìrọ̀rí ìyá rẹ̀ láàárín ìdì aṣọ nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, bíi pé ibẹ̀ ló sùn mọ́jú, ó sì ń gbàdúrà kó má jẹ́ ohun tí òun ń rò.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹni mélòó ni mò ń kọ̀wé fún gan-an? Ṣé ẹ ṣì wà pọ̀?"

Ìyá dá máṣíìnì dúró. Tọkọtaya wo ara wọn. Ìyá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Kọ ọ́ báyìí. A dúpẹ́. A ò ní lè gba iṣẹ́ yìí, torí a fẹ́ pín ṣọ́ọ̀bù, kálukú á máa dá ṣe tirẹ̀."

"Fi kún un pé a ò jà," bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ìyá fèsì. "A ò jà."

Akọ̀wé kà á sókè. Kò sẹ́ni tó yọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ gbà mí o! Àwọn tí ẹnu wọn ò kò láti àárọ̀, orí ìpínyà ni ẹnu wọn ti wá kò.

Omijé bo ojú ọmọ náà. "Èmi ńkọ́? Ọ̀dọ̀ ta ni kí n wà?"

"Ọ̀dọ̀ mi ni," àwọn méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.