Ẹni Tó Máa Fi Àdùn Kan Ọmọ Lẹ́nu

Kanku Ba kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Bó bá ti rí Rambha lókèèrè tó ń bọ̀ láàrin oko iyọ̀, níbi tí wọ́n ti ń sá omi di iyọ̀, tó gbé àpò kọ́ èjìká, tó so ìwọ̀n ọmọ mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ariwo á ti bẹ̀rẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ náà tó dúró.

"Ó tún ti dé o! Ẹ sá pa mọ́, awọ̀nmọ ti dé!"

"Ẹ káàárọ̀, Màmá," ni Rambha máa ń wí, á sì máa rẹ́rìn-ín.

"Ṣé èmi lo fẹ́ wọ̀n lónìí? Wá gbé mi kọ́ sára ìwọ̀n rẹ kó já, kí gbogbo wa lè sinmi."

Rambha á jókòó sẹ́nu ahéré wọn, á yọ oògùn ẹ̀jẹ̀ fún Gomti, ìyàwó ọmọ Kanku Ba, tó wà nínú oyún. Á wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó wú, á fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyá ọkọ náà á wà nídìí ààrò, á máa fọwọ́ lu rotlo, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi jéró ṣe, bí ẹni tó ń gbá ẹnì kan létí. Síbẹ̀ náà, tíì tó fi wàrà ewúrẹ́ sè kì í pẹ́ kó tó dé ọwọ́ àlejò. Bí Kanku Ba ṣe rí nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ á lé ọ jáde, ọwọ́ rẹ̀ á sì fún ọ ní tíì.

Opó ni Rambha. Ọkọ rẹ̀, tóun náà jẹ́ oníyọ̀, kú nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣì kéré, kò sì fi ọmọ kankan sílẹ̀ fún un. Láàrin àwọn oníyọ̀ wọ̀nyí, opó kì í ṣíwájú níbi ayọ̀. Wọn kì í lé e o, wọn kì í sì í bú u. Wọ́n kàn máa ń gbàgbé láti pè é ni. Wọ́n á máa ṣègbéyàwó nínú ilé, Rambha á wà lẹ́yìnkùlé tó ń fọ àwo. Ọmọ tuntun á dé, wọ́n á ní kó ṣe sùúrù díẹ̀ ná, kó má tíì wọlé. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé bó bá ti gbọ́ orin ayọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti máa wá ọ̀nà ẹ̀yìn fúnra rẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ funfun ló fà á jáde látẹ̀yìnkùlé. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo oko iyọ̀ ń pè wọ́n, nítorí ọkọ̀ funfun tí wọ́n fi ń gbé oògùn kiri. Orúkọ tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ náà ti gùn jù, kò sẹ́ni tó ráyè rẹ̀. Àwọn ni wọ́n pàgọ́ sáàrin iyọ̀ láti kọ́ àwọn ọmọ níwèé, torí pé bí àwọn òbí bá ti ṣí wá sóko lẹ́yìn òjò, àwọn ọmọ kì í rí ilé-ẹ̀kọ́ abúlé mọ́ títí òjò mìíràn á fi lé wọn padà sílé. Gomti wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jókòó sórí ẹní nínú àgọ́ yẹn. Rambha náà jókòó níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú àwọn obìnrin tó ti dàgbà, tí ìka wọn tí iyọ̀ ti jẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń di ṣọ́ọ̀kì mú. Ó mọ̀wé kà. Ẹgbẹ́ náà kọ́ ọ ní ìtọ́jú aboyún àti ọmọ tuntun, wọ́n sì fún un ní àpò. Bí ìjì eruku bá dé, Rambha á so ìborí mọ́ ẹnu, á máa lọ. Àwọn kan ń sọ pé owó oṣù ló ń lé. Kí àwọn náà wá gun kẹ̀kẹ́ yẹn lórí iyọ̀ lọ́sàn-án gangan, ká rí wọn!

Ohun kan ṣoṣo ló wà láàrin òun àti Kanku Ba tí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Nílẹ̀ wọn, ọmọ tuntun kì í fẹnu kan ọmú kí wọ́n tó fún un ní galthuthi. Ṣúgà ìrèké ni, tí wọ́n pò mọ́ omi, tí wọ́n á fi ìka kán sí ọmọ lẹ́nu. Kì í ṣe ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ló ń fún un o. Wọ́n á ronú, wọ́n á jiyàn, wọ́n á yan ẹnì kan, nítorí ìwà ẹni tó bá fún ọmọ ní àdùn àkọ́kọ́ yẹn ni ọmọ máa mú dàgbà. Bí ẹnì kan bá lawọ́, wọ́n á ní ta ló fún un ní galthuthi. Bó bá jalè, ìbéèrè kan náà ni.

Àkọ́bí Gomti gba tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Omi inú àgbá tó ti ń yọ̀ nídìí ni wọ́n fi pò ó. Ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ náà, kò sì lo ọ̀sẹ̀ kan láyé. Rambha ló gbé e mọ́ra nínú ọkọ̀ funfun, ọwọ́ rẹ̀ ló sì kú sí kí wọ́n tó dé títì. Láti ìgbà náà ló ti pinnu pé ohunkóhun kò ní ṣáájú ọmú dé ẹnu èyí tó ń bọ̀. Gomti ti gbà. Vihabhai, ọkọ rẹ̀, náà ti gbà, ṣùgbọ́n ohun tí Vihabhai bá gbà, bí ìyá rẹ̀ bá ti wúkọ́, ó ti yí padà.

"Màmá," ni Rambha wí lọ́jọ́ kan, "wàrà ọmú àkọ́kọ́ tó nípọn, tó pọ́n yẹn, oògùn ni. Òun ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ ọmọ lẹ́nu."

"Mo gba galthuthi. Ọkọ mi gbà á. Ṣé òkú ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí?"

"Àkọ́bí Gomti ńkọ́, Màmá?"

Kanku Ba gbé rotlo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Èmi ni mo yan ẹni tó fún un," ló wí. "Mo ṣì í yàn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, ọ̀mùtí, aláìlóríire. Ó kó oríburúkú ràn án. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Èyí tó ń bọ̀ yìí, èèyàn gidi ni mo máa yàn fún un."

Ọkàn Rambha bàjẹ́ délé lọ́jọ́ náà. Ìyá àgbà yìí ti ń wá ẹ̀bi tirẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ó sì ti rí i, àmọ́ ibi tí kò sí ló ti rí i.

Nígbà tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ Gomti pé, òwúrọ̀ ni ìrora mú un. Vihabhai fi fóònù pe ọkọ̀ funfun. Rambha, tó bá ọkọ̀ náà lọ, ti ń to ọ̀rọ̀ tó máa fi bẹ ìyá àgbà sẹ́nu lọ́nà, torí inú ahéré ni Kanku Ba bí gbogbo ọmọ tirẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé, ìyá àgbà náà ti wọ sálúbàtà, ó sì ti jókòó sínú ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ní kó wọlé.

"Kí lẹ ń wò? Ẹ wakọ̀!"

Ó ta kókó sí etí aṣọ sárì rẹ̀, Rambha sì mọ ohun tó wà nínú kókó náà láìbéèrè. Bí ọkọ̀ ṣe ń gbọ̀n wọ́n dé ilé ìtọ́jú ẹgbẹ́ náà létí abúlé, ojú Rambha kò kúrò lára kókó yẹn.

Nọ́ọ̀sì Elsamma ló gbẹ̀bí. Apá ìsàlẹ̀ orílẹ̀-èdè lọ́hùn-ún, níbi tí àgbọn pọ̀ sí, ló ti wá, ó sì ń sọ èdè wọn bí ẹni tó ń jẹ òkúta. Kò pẹ́ púpọ̀ tí igbe ọmọ fi ta.

"Ẹ kú ewu o. Obìnrin ni," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ gbọ́ ohùn, bíi ti ìyá rẹ̀ àgbà."

"Kó ní in," ni Kanku Ba dáhùn. "Ibi tó wá yìí ò gba aláìlóhùn."

Nọ́ọ̀sì ti tọ́jú ìyá àti ọmọ tán nígbà tí wọ́n pè é sí yàrá kejì, níbi tí aboyún mìíràn ti ń rọbí. Kanku Ba lé Vihabhai síta, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Gomti, ó tú kókó etí sárì rẹ̀. Ṣúgà ìrèké ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ idẹ kékeré kan. Ó yọ ìgò omi lábẹ́ apá, ó pò ó, ó fi ìka rò ó. Ọmọ ń ké lórí àyà ìyá rẹ̀. Gomti wo Rambha, kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀.

Rambha dìde. Bó bá di ìjà, kó dìjà. Ó na ọwọ́ láti dá ìyá àgbà náà dúró, Kanku Ba sì gbé abọ́ náà lé ọwọ́ yẹn.

"Gbà. Ìwọ ni mo yàn."

"Màmá?"

"Má màmá mi. Mo ti ro gbogbo ẹbí wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí ń purọ́, èyí ń jowú, tọ̀hún yọ̀lẹ. Èmi alára, gbogbo ayé ló mọ ẹnu mi. Ta ló ń gun kẹ̀kẹ́ wá bá ẹni tó ń bú u lójoojúmọ́? Ta ló gbé ọmọ wa tó kú mọ́ra, tí kò jẹ́ kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ ọkọ̀? Kí èyí fìwà jọ ọ́. Fún un."

"Opó ni mí, Màmá."

"Ṣé mo bi ọ́ ni? Ojú mi ò fọ́. Omi yẹn gan-an, mo sè é títí ó fi hó, bó o ṣe máa ń pariwo rẹ̀ sí mi létí."

Omijé ti bọ́ lójú Rambha kó tó mọ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó pè é síwájú níbi ayọ̀ kankan, ẹni tó sì wá pè é yìí, ó gbé ìwà odindi ọmọ lé e lọ́wọ́. Ká má purọ́, ó wù ú. Ó wù ú débi pé ìka rẹ̀ ti kan omi dídùn náà. Ìyá àgbà ti sè é, ta ló máa pa lára? Ṣùgbọ́n ó rántí àwọn ahéré tó ti jókòó sí, tó ti sọ pé ẹ̀kán kan kò gbọdọ̀ ṣáájú ọmú. Bó bá fún ọmọ yìí, kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo oko á ti gbọ́ pé Rambha fúnra rẹ̀ fún ọmọ Kanku Ba ní galthuthi. Omi àwọn ahéré tó kù, ta ló máa sè é kí wọ́n tó fi po galthuthi?

Ó gbé abọ́ náà sójú fèrèsé.

Ojú Kanku Ba yí padà. "O kọ̀ mí? Lójú ìyàwó ọmọ mi?"

"Mi ò kọ̀ yín, Màmá. Kò sóhun tẹ́nì kan fún mi rí tó tó èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Èwo nínú galthuthi ló ń mú ìwà wọ ọmọ lára, ṣé ṣúgà ni àbí ọwọ́ ẹni tó fún un?"

Kanku Ba wo abọ́ ojú fèrèsé náà, ó wo ọwọ́ Rambha.

Rambha fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, ó nù ún, ó gbé ọmọ náà. Ó fi ọwọ́ kan gbé orí rẹ̀, ó fi èkejì di ọmú Gomti mú, ó fi kan ọmọ náà lẹ́nu. Ọmọ yí ojú, ó ké, kò rí i. Rambha tún fi kàn án. Ìgbà tó yá, ó gbá ọmú náà mú, ó sì dákẹ́ igbe. Ẹ̀rín àti ẹkún jọ mú Gomti pọ̀.

Kanku Ba sún mọ́ wọn, ó tẹ̀ ba, ó wò ó títí.

"Ṣé nǹkan mìíràn ti kàn án lẹ́nu kó tó mu èyí?"

"Rárá, Màmá."

"Ọwọ́ rẹ ló sì fi sí i lẹ́nu?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Ó ti gbà á nìyẹn," ni ìyá àgbà náà wí. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń ro ó, ó lọ sójú fèrèsé, ó gbé abọ́ idẹ náà. Rambha rò pé ó fẹ́ dà á nù ni. Kò dà á nù. Ó gbé e wá síwájú rẹ̀.

"La ẹnu."

"Èmi, Màmá?"

"O ti fún ọmọ mi ní ìwà rẹ. Wá gba díẹ̀ nínú tèmi. O ti jẹ́jẹ́ jù. Bí wọ́n bá ń ṣègbéyàwó, o ń lọ sẹ́yìnkùlé lọ fọ àwo bí ẹni tí kò lẹ́nu. Mo ń rí ọ. La ẹnu, mo ní!"

Rambha la ẹnu. Kanku Ba fi ìka kán omi ṣúgà náà sí i lórí ahọ́n, ó sì fún un ní ìyókù mu láti ọwọ́ ara rẹ̀, títí abọ́ fi gbẹ. Ẹkún tí Rambha ti ń gbé mì láti ọjọ́ pípẹ́ wá bú jáde, ó fọwọ́ bo ẹnu kó má bàa da ọmọ láàmú.

Kanku Ba gba ọwọ́ náà kúrò.

"Sunkún sókè," ló wí. "Àbí ìwà mi kò tíì wọ ọ́ lára ni?"