Ṣágo Méjì Lẹ́yìn Mọ́tò Àlàájì Jẹ̀lílì

Gbogbo Kọ́bapẹ́ ló mọ̀ pé ẹnu mi kì í sinmi. Èmi Abọ́sẹ̀dé, aya Josiah adẹ́mu, tí wọ́n bá sọ gbólóhùn kan sí mi, mẹ́ta ni màá dá padà, màá tún fún ẹni tó dúró tì wọ́n ní tiẹ̀. Àwọn àgbà ló ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, èmi ò sì fẹ́ kí tèmi dákẹ́. Torí náà, tí mo bá sọ fún yín pé ọjọ́ kan wà tí mo pa ẹnu mọ́, tí ìdákẹ́ náà sì gbè mí, ẹ fìdí kalẹ̀ kí ẹ gbọ́ ọ.

Ọdún 1981 ni. Túbọ̀sún ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ìsọ̀ ẹmu ńlá kan lójú títì, kéèyàn tó dé Kọ́bapẹ́ láti Abẹ́òkúta, ó fi páànù bò ó, rédíò ò sì ń sinmi níbẹ̀. Ní tèmi, abẹ́ igi máńgòrò ni mo ti ń ta ẹmu tí ọkọ mi bá dá, àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí Ṣàgámù a sì máa dúró lọ́dọ̀ mi. Túbọ̀sún wá ń sọ fún wọn pé omi odò ni mò ń bù sí i. Èmi tí mi ò jẹ́ kí Adépéjú ọmọ mi fi ife tí omi ṣì wà lára rẹ̀ bu ẹmu! Bí irọ́ náà ṣe ń ràn ni oníbàárà ń dín kù, débi pé a bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹmu nù nírọ̀lẹ́. Inú bí mi, ó sì dùn mí wọ egungun. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé Josiah sọ pé tí nǹkan ò bá yí padà, òun á fi igbà tí òun fi ń gun ọ̀pẹ kọ́ ògiri, òun á lọ ṣe ọdẹ fún olówó kan l'Ékòó. Ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ dá ẹmu, tí bàbá tó bí bàbá rẹ̀ dá ẹmu, kó wá lọ máa ṣọ́ géètì onígéètì. Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀ lójú mi.

Ibi tí a wà nìyẹn tí ẹgbẹ́ kan ní Abẹ́òkúta fi ní àwọn ò fẹ́ bíà mọ́ nínú ilé ẹgbẹ́ àwọn, ẹmu ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni àwọn á máa mu. Ẹlẹ́mu kan ṣoṣo ni wọ́n máa mú. Alága wọn, Bàbá Ọládipọ̀, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ní òun á lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, òun á tọ́ ẹmu kálukú wò níbi tó ti ń tà á, kí àwa ẹlẹ́mu sì bá òun rìn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá mú wa, irọ́ Túbọ̀sún ti kú, ọkọ mi ò sì lọ síbì kankan. Tí wọn ò bá mú wa, irọ́ náà ti di òótọ́ nìyẹn.

Àlàájì Jẹ̀lílì, oníṣòwò aṣọ kan láti Ìjẹmọ̀, ló fi mọ́tò Pijó rẹ̀ gbé wa. Ọ̀rẹ́ Bàbá Ọládipọ̀ ni láti kékeré, ṣùgbọ́n kò fi ẹnu kan ọtí rí. Ó ní òun á gbé wa nítorí ọ̀rẹ́ òun, àmọ́ mọ́tò yìí ni òun fi ń gbé ìyá òun lọ sí mọ́ṣáláṣí, ẹ̀kán ẹmu kan ò gbọdọ̀ kàn án.

Ìsọ̀ Túbọ̀sún la kọ́kọ́ dúró sí. Ó bu ẹmu fún Bàbá, Bàbá mu ún, ó lá ètè. Ó ní, "Èyí mà dùn o." Wọ́n fún èmi náà ní díẹ̀. Bó ṣe kan ahọ́n mi ni mo mọ̀ pé sákárín ni, nǹkan funfun tí wọ́n fi ń mú omi lásán dùn. Mo la ẹnu, Bàbá gbọ́wọ́ sókè.

"Ìyá Adépéjú, ẹ ní sùúrù. Tiyín ń bọ̀ wá kàn."

Túbọ̀sún wá rọ ẹmu rẹ̀ kún ṣágo kan tí a máa gbé lọ fún àwọn ará ẹgbẹ́ yòókù. Ó fi ìdérí sí i, ó fi òkúta gbá a wọlé, ó wá fi rọ́bà táyà wé ọrùn ṣágo náà pinpin. Ó ní, "Àlàájì, ẹ fọkàn balẹ̀. Afẹ́fẹ́ gan-an ò lè jáde níbí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹmu." Mo wò ó. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni.

Ibi kejì tí a yà sí ni àbàtà Ìyá Tẹjúmádé, tó ń ta ògùrọ̀. Ẹrẹ̀ mu wá dé ọrùn ẹsẹ̀. Bàbá tọ́ ọ wò, ó dijú.

"Ti àná ni èyí, Ìyá Tẹjúmádé."

"Ti àná ni lóòótọ́, Bàbá. Ara adẹ́mu mi ò yá. Mi ò lè purọ́ fún àgbà." Ó rẹ́rìn-ín, ó kí wa pé ó dàbọ̀. Mo fẹ́ràn obìnrin náà láti ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ wa ní Kọ́bapẹ́, Josiah ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ ni. Ẹmu náà ń hó lẹ́nu akèrègbè. Bàbá mu ún. Ó tún mu díẹ̀.

"Ó le díẹ̀," ó ní. "Ó ń ta ahọ́n. Èyí tó dùn ni àwọn ará ìgboro máa fẹ́."

"Omi odò ló ń ta yín láhọ́n, Bàbá," Túbọ̀sún dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo wo Josiah, mo rí i pé ojú rẹ̀ ti dé Èkó. Bàbá ní ká ṣáà gbé tiwa náà dání, ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Mo ti káṣọ mọ́ ìdí, mo fẹ́ sọ fún Túbọ̀sún ohun tí ìyá tó bí i ò sọ fún un rí, ni ó bá fa ṣágo wa sọ́dọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín dé e, torí mọ́tò Àlàájì."

Ọmọ kékeré nílé adẹ́mu mọ̀ pé ewé la fi ń bo ẹnu ẹmu, kó lè máa mí. Ẹmu tuntun kì í gbà kí wọ́n dé òun pa. Josiah bẹ̀rẹ̀, "Ẹ̀gbọ́n, ẹmu kì í—"

Mo tẹ ọkọ mi lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Túbọ̀sún gbá ìdérí wọlé, ó wé rọ́bà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Èmi ò fọhùn.

Oòrùn mú, ọ̀nà kún fún kòtò. Túbọ̀sún jókòó lẹ́yìn pátápátá, ó fi ẹsẹ̀ há ṣágo méjèèjì, ó ń sọ bí òun á ṣe máa gbé ẹmu wọ Abẹ́òkúta. Bàbá Ọládipọ̀ yíjú sí mi.

"Ìyá Adépéjú, ṣé kò sí nǹkan o? Ẹ ò sọ̀rọ̀."

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá."

Kò pẹ́ tí nǹkan kan fi dún gbòlà lẹ́yìn wa. Ìdérí fò, ó gba fìlà lórí Túbọ̀sún, ó lu òrùlé mọ́tò. Ẹmu tú jáde, ó ń hó, ó dà sí bùbá rẹ̀, ó dà sí tìmùtìmù, ó sì ta sí ẹ̀yìn jalàbíà funfun tí Àlàájì wọ̀. Àlàájì tẹ búrèkì, ó ní "Subuhánàlláhì," ó sì jókòó síbẹ̀ láìmira.

A sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Bàbá Ọládipọ̀ béèrè ẹni tó ni ṣágo náà.

"Ti Ìyá Adépéjú ni, Bàbá," Túbọ̀sún sọ wéré, ẹmu ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. "Ṣebí mo sọ fún yín. Ṣé ẹmu gidi lè ṣe báyìí? Ẹ wo tèmi bó ṣe jókòó jẹ́ẹ́ láti àárọ̀."

Bàbá wo ṣágo Túbọ̀sún fún ìgbà díẹ̀. Ó tú rọ́bà rẹ̀, ó fa ìdérí yọ. Kò dún, kò hó. Ó bù ú sínú ife, ó bu èyí tó kù nínú tiwa sínú òmíràn. Tiwa ń yọ ìfófòó. Ó mu ti Túbọ̀sún, ó tu ú dànù. Ó mu tiwa, ó mu ún tán.

"Ewé ni ìyá mi fi ń bo ẹmu, ẹmu gidi kì í jókòó jẹ́ẹ́," ó sọ pẹ̀lẹ́. "Ó tójọ́ mẹ́ta tí mo ti mu irú èyí kẹ́yìn, mo ti fẹ́ gbàgbé. Túbọ̀sún, ìwọ tó o ti ń ta ẹmu láti ọjọ́ yìí, ṣé o ò mọ̀ pé a kì í dé e pa ni?"

Ìgbà náà ni mo wá la ẹnu mi.

"Ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, Bàbá. Ó ti pẹ́ tó ti ta ẹmu kẹ́yìn ni."

Àlàájì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, pẹ̀lú jalàbíà tó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó di ilẹ̀kùn mọ́tò mú kó má baà ṣubú. "Afẹ́fẹ́ ti fẹ́," ó ní, "a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Èmi ò mu ẹmu rí, mi ò sì ní mu ún láé, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi mí ní Ìjẹmọ̀ pé kí ló ń rùn nínú mọ́tò mi, màá ní ẹmu tí kò lómi ni." Bàbá Ọládipọ̀ ò tilẹ̀ dúró dé ilé ẹgbẹ́ kó tó sọ pé tiwa ni àwọn mú. Èmi ni mo fi ọṣẹ fọ mọ́tò Àlàájì lọ́jọ́ náà, orin ni mo sì ń kọ.

Nígbà tí mo padà dé Kọ́bapẹ́, Josiah jókòó sábẹ́ máńgòrò, igbà rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀.

"Ìyá Adépéjú, kí ni mo ṣe tó o fi fẹ́ ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀?"

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, inú mi sì dùn ju bó ṣe dùn lẹ́bàá ọ̀nà lọ. Ó wá dìde, ó gbé igbà kọ́ èjìká.

"Bàbá Adépéjú, ṣé Èkó lẹ̀ ń lọ nìyẹn?"

"Ọ̀pẹ ni mò ń lọ," ó dáhùn. "Ìwọ lo sọ pé àwọn ará ìgboro ń retí wa."

Ó ń tiro díẹ̀ níbi tí mo ti tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó gùn ún dé orí.