Aṣọ Funfun Létí Pápá Bàálù

Afẹ́fẹ́ kì í sinmi ní Kansas. Bí o bá jí láàárọ̀ tí o ò gbọ́ ọ, á jẹ́ pé o ti kú nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ pápá bàálù ni ilé wa wà, ní Nylund, ìlú kékeré tí àwọn ará Sweden tẹ̀ dó. Pápá náà ò ju ilẹ̀ koríko gbọọrọ kan lọ, pẹ̀lú àgọ́ páànù, ọ̀pá kan, àti odò tó ṣàn kọjá ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ níhà gúúsù. Emil ọkọ mi ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó ń gé koríko, ó ń rọ epo fún àwọn awakọ̀ bàálù tó bá sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ̀, á dùbúlẹ̀ sínú koríko, á máa wòkè. Èmi náà máa ń lọ dùbúlẹ̀ tì í. Koríko á máa rú bí omi létí wa, àwọsánmà á máa kọjá, á wá dà bíi pé ilẹ̀ gan-an ló ń gbé wa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ síbi tí a ò mọ̀. Kò sígbà tí mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn tó ìgbà bẹ́ẹ̀.

Ìyá Hulda, ìyá ọkọ mi, ò gba ti bàálù rárá. Tata Sàtánì ló ń pè wọ́n. Síbẹ̀, òun gan-an ni àwọn awakọ̀ ń wá kiri láti òkè. Bàálù gbọ́dọ̀ dojú kọ afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá wà lẹ́yìn rẹ̀, á sáré kọjá ibi tó yẹ kó dúró. Emil fi àpò aṣọ kan kọ́ orí ọ̀pá kí wọ́n lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ṣùgbọ́n àpò náà kéré, ó sì ti ṣá. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì Ìyá Hulda ni wọ́n ń wò. Ó ń fọṣọ fún ìdajì ìlú, okùn tó wà létí pápá ló sì ń sá gbogbo rẹ̀ sí. Ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan ni okùn náà máa ń ṣófo. Ní Nylund, ẹni tó bá sáṣọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kó yáa máa kó ẹrù rẹ̀.

Orrin Tate, awakọ̀ tó máa ń wá jù, fẹ́ràn láti máa dá a lápàárá.

"Màmá, aṣọ yín ló tún gbà mí là lónìí o!"

"Jésù ló ń gbani là. Nu ẹsẹ̀ ẹ kó o tó wọlé."

Nígbà tó di ọdún 1930, ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi bàálù kó lẹ́tà ń wá ibi tí bàálù wọn á ti máa dúró gba epo. Orrin ló máa gbé aṣojú wọn wá ní Sátidé kó wá wo pápá wa. Bó bá gbà á, pápá dúró nìyẹn. Bí kò bá gbà á, ìlú tó nilẹ̀ á tú u, wọ́n á gbin àlìkámà síbẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti gbọ́ ni Emil ò ti lè jẹun dáadáa mọ́. Mo bú u títí, ó kàn ń fi ṣíbí ro ọbẹ̀ ni.

Ní Sátidé, òjò rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọn ò wá. Ní ọjọ́ kejì, a ń kọ orin ìkẹyìn lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí a gbọ́ ìró bàálù. Emil fo orúnkún àwọn èèyàn kọjá, ó sáré jáde lọ sí pápá. Gbogbo wa tẹ̀ lé e.

Òjò ti dá, àmọ́ ó ti yí afẹ́fẹ́ padà. Láti gúúsù ló máa ń fẹ́ wá. Lọ́jọ́ yẹn, láti àríwá ni. Bí Orrin bá sọ̀ bó ṣe máa ń sọ̀, inú odò ló máa parí ìrìn rẹ̀ sí. Àpò orí ọ̀pá ti rin gbingbin, ó wé mọ́ ọ̀pá pinpin. Emil ń gùn ún, ó ń yọ̀ bọ́. Bàálù náà ń yí wa ká lókè, ó ń wá ohun tí kò sí lórí okùn.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká kó aṣọ jáde!" mo ké sí Ìyá Hulda.

"Òní ọjọ́ wo, Ragna?"

"Ẹ wòkè! Orrin ni!"

"Mo ti ń wòkè kí wọ́n tó bí ẹ. Mi ò ní sáṣọ lọ́jọ́ Olúwa."

"Tó bá wá kú ńkọ́? Ṣé ẹ máa fi aṣọ funfun yẹn sin ín?"

Pásítọ̀ ń wo bàtà rẹ̀. Ìyá Hulda wò mí bí ẹni wo wàrà tó ti kan, ó wá bọ́ kọ́kọ́rọ́ àpótí tó ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí kúrò lọ́rùn.

"Ta ló ní ká sá a? A máa dì í mú ni. Pásítọ̀, ibo ni wọ́n ti kọ ọ́ pé kéèyàn má di aṣọ mú lọ́jọ́ Sọ́ńdè?"

"Mi ò tíì kà á rí, Ìyá Hulda."

"Ẹ gbọ́ o! Ó yá, ẹ mú etí aṣọ."

Bí a ṣe kó wọn jáde tí a sì tò sínú koríko tútù nìyẹn, àwa obìnrin Nylund, tàwa ti fìlà ṣọ́ọ̀ṣì lórí, méjì méjì sí aṣọ kan. Afẹ́fẹ́ kó sínú wọn, wọ́n wú, wọ́n ń fà wá. Oòrùn là wọ́n já, ojú gbogbo wa sì funfun. Ẹsẹ̀ mi fúyẹ́, ó ṣe mí bíi pé bí mo bá tú ìka kan, ìlú náà lódindi á ṣí lọ.

Orrin rí wa. Ó yí po, ó gba orí odò wọlé, ó sì balẹ̀ jẹ́ẹ́ síwájú wa.

Aṣojú náà, Ọ̀gbẹ́ni Whitcomb, tẹ ilẹ̀ wò, ó wo àgọ́, ó bá wa mu kọfí. Ìgbà tó mu ún tán ló tó ṣí fìlà.

"Emil, nínú gbogbo pápá tí mo ti rí, tìẹ ló dáa jù. Àmọ́ wáyà kan láti ilé-iṣẹ́ wa tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Bàálù tuntun tí a ń rà, epo inú ẹ̀ á gbé e láti Kansas City dé Denver. A ò ní dúró níbì kankan mọ́. Mo ní kí n fẹnu ara mi sọ fún ẹ."

"Ẹ ṣeun, sà," Emil ní. Ó jókòó sínú koríko.

"Ẹ̀ bá ti sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó mu kọfí wa!" Mo jágbe mọ́ ọn.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ, afẹ́fẹ́ tún ń ṣe ségesège, àpò orí ọ̀pá ò tíì tú. Ìyá Hulda gbé etí aṣọ rẹ̀.

"Ragna, di tìẹ mú."

"Fún àwọn yìí? Lẹ́yìn ohun tí wọ́n ṣe fún Emil?"

"Orrin náà lọ́mọ nílé. Dì í mú."

Mo dì í mú. Emil dìde, ó wá mú igun kẹta, ojú rẹ̀ tutù fún omijé. Bàálù náà sáré kọjá lára wa, ó gbéra, ó ń kéré sí i, a ò sì sọ aṣọ kalẹ̀ títí a ò fi gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́.

Kí yìnyín tó dé, wọ́n ti tú pápá náà. Lọ́dún kejì, àlìkámà ibẹ̀ so ju ti gbogbo agbègbè lọ. Emil bá wọn kórè. Èmi ò fẹnu kan búrẹ́dì tí wọ́n fi àlìkámà náà ṣe.