Ṣíìpù Ojú Fèrèsé

Má-fọwọ́-kàn-án ni àwọn aládùúgbò ń pe ọkọ mi, nítorí ohun tí ó máa ń sọ nìyẹn bí ẹnikẹ́ni bá ti sún mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Èmi tó fẹ́ sílé gan-an, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń na ìgbálẹ̀ wọ yàrá tó gbé e sí.

Ó bú ọ̀gá iléèwé tó ti ń ṣe tíṣà, ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó jókòó ti ètò kan tí yóò máa bá àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà wá àṣìṣe wọn. Nígbà tó parí, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ṣíìpù kékeré kan, ohun pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí nǹkan. Ṣíìpù náà ní ojú gíláàsì. Iná pàtàkì kan ni wọ́n ń tàn sí i bí wọ́n bá fẹ́ pa ohun inú rẹ̀ rẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lẹ bébà dúdú bo ojú náà.

Mo ní kó ṣe ẹ̀dà kan pamọ́.

Ó ní, "Kí o lè fi han àbúrò rẹ kó jí i, àbí?"

Ó sun ìwé tó kọ ọ́ sí, ó pa kásẹ́ẹ̀tì tó kọ́kọ́ gbà á sí rẹ́. Olè ò ní rí nǹkan kan jí. Lẹ́yìn náà ló ṣí bébà dúdú kúrò kí àwọn èèyàn lè rí bí inú rẹ̀ ṣe ń dán, ó gbé e sójú fèrèsé tí a kì í tì. Mo fẹ́ gbé e kúrò kí n lè pààrọ̀ kọ́tìnnì tí oòrùn ti jẹ ṣá.

"Má fọwọ́ kàn án!"

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan wá wo ètò náà. Bó bá ṣiṣẹ́, ọkọ mi ríṣẹ́ nìyẹn; bí kò bá ṣiṣẹ́, iléèwé wo ni yóò tún gbà á? Ọkọ mi ki ṣíìpù bọ kọ̀ǹpútà. Kò sí nǹkan kan. Ó yọ ọ́, ó tún ki í bọ̀ ọ́. Pàbó. Ló bá yíjú sí mi.

"Ta ló fọwọ́ kàn án?"

Àlejò ló béèrè ibi tí ṣíìpù náà wà tẹ́lẹ̀. Ọkọ mi nawọ́ sí fèrèsé. Ọkùnrin náà wo kọ́tìnnì, ó wò ó pẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, irú iná tó ń pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ wà nínú oòrùn pẹ̀lú, kì í kàn yá ni. Ẹ̀dà rẹ̀ ńkọ́?"

Ọkọ mi ń wo bàtà rẹ̀.

"Ó dáa, ẹ pè mí bí ẹ bá ti tún un kọ."

Ó ń tún un kọ báyìí. Lánàá ó gbé kásẹ́ẹ̀tì kan wá bá mi, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú: "Jọ̀ọ́, bá mi fi ẹ̀dà yìí pamọ́." Mo fi í sísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi. Láàárọ̀ yìí ni mo bá a tó ń ṣí àpótí, ó ní òun kàn fẹ́ wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Mo ní, "Má fọwọ́ kàn án."