Gbogbo Wọn Jẹ́ Ọmọ Ogún Ọdún

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹwàá ọdún 2019, ọdún tí ìjọba ti bodè pa, ni Mẹ̀dínátù bá mi lábẹ́ igi fúrúùtù tí mo ń gbé tábìlì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù ní Ìlaròó. Eggua ló ti wá. Kò tíì kí mi tán tó fi ní kí n bá òun tẹ ìwé ìbúra ọjọ́ orí mìíràn fún Ridwanullah, ọmọ òun.

"Èyí tí mo tẹ̀ lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Ṣé eku jẹ ẹ́ ni?"

"Eku kọ́, Àǹtí Àṣìkẹ́. Ìwé yẹn ló ń pa ọmọ mi."

Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí táípù. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ojú ni mo fi kọ́ òfin lára ohun tí mò ń tẹ̀ fún àwọn lọ́yà, lọ́yà tó bá sì kọ ìkọkúkọ, mo máa ń sọ fún un lójú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń wọlé fún mi jù ni ìwé ìbúra ọjọ́ orí. Ẹgbẹ́ ọlọ́kadà ìhà ibodè kì í fún ọmọ tí kò tó ogún ọdún ní ẹ̀wù ẹgbẹ́. Ìyá á mú ọmọ wá, èmi á tẹ ogún, ìyá á búra níwájú akọ̀wé kóòtù, ọmọ á lọ gun ọ̀kadà.

Ridwanullah kò jalè. Àpò ìrẹsì méjì ló gbé gba ọ̀nà igbó bọ̀ láti ìhà Kétu lódìkejì bodè, ọ̀nà tí bàbá bàbá rẹ̀ ń tọ̀ lọ sóko kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní bodè. Àwọn aṣọ́bodè mú un. Wọ́n bi í léèrè ọjọ́ orí, ó fa ìwé tí mo tẹ̀ yọ lápò, ó rò pé ìwé náà ni yóò gba òun sílẹ̀. Ìwé wí pé ogún. Wọ́n gbé e lọ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n sáàárín àwọn àgbàlagbà, ó sì ti lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún níbẹ̀.

"Ó ní ibẹ̀ kún, ìdúró làwọn ń sùn," ni Mẹ̀dínátù wí. "Ọkùnrin kan ń gba oúnjẹ rẹ̀ jẹ. Nígbà tí mo tún lọ wò ó lánàá, kò sọ̀rọ̀ rárá. Ọwọ́ mi ló kàn ń wò."

"Ọmọ ọdún mélòó ni, ní ti Ọlọ́run?"

"Mẹ́rìndínlógún."

"Ìwọ lo wá fẹnu ara rẹ búra pé ogún?"

Ó wò mí, kò bínú. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n wí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ wí méjìdínlógún, ẹ ní kí n má ṣahun ọdún."

Mo rántí. Mo tilẹ̀ rántí pé mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́.

Gbogbo ohun tí mo bá tẹ̀ ni mo máa ń fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sínú páálí mílíìkì lábẹ́ tábìlì. Mo fà á jáde. Eggua, Ilobi, Òkè-Ọ̀dàn, Ayétòrò. Láàárín ọdún méjì, ọmọkùnrin mọ́kànlélógójì, ogún ọdún ni ti gbogbo wọn. Bí ẹni pé ọjọ́ kan náà ni gbogbo ìyá Yewa rọbí.

Mo gbé páálí náà wọlé tọ Ìbídàpọ̀, akọ̀wé kóòtù, níbi tó ti ń jẹ ẹ̀pà.

"Àwọn tí kò tó ọdún méjìdínlógún, mélòó ló wà lẹ́wọ̀n báyìí?"

"Kò sí."

"Kò sí kẹ̀? Mọ́tò tó ń kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n wá sí kóòtù lọ́jọ́ Ajé, ta ló ń kún inú rẹ̀ láti ìgbà tí bodè ti tì? Àgbọ̀n tí irùngbọ̀n ò tíì hù ni mò ń rí."

"Ìyá Onítáípù, ẹ̀yin ń wo àgbọ̀n, èmi ń wo rẹ́jísítà. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, mẹ́fà ni wọ́n. Lọ́dún tó kọjá, méjì. Lọ́dún yìí, òdo. Àwọn ọ̀gá kan wá láti Abẹ́òkúta lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n yìn wá. Wọ́n ní iye ọmọdé tó ń ṣẹ̀wọ̀n ti ń lọ sílẹ̀ níhà tiwa."

Mo gba rẹ́jísítà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e ti páálí mi. Orúkọ mẹ́tàdínlógún bára mu. Àwọn ọmọdé tó ń ṣẹ̀wọ̀n ò dín kù rárá, ńṣe ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Ìka méjì péré ni mo fi tẹ̀ wọ́n di àgbà kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n.

"Ẹ sọ̀rọ̀ o," ni Ìbídàpọ̀ wí. "Tí ẹ bá dákẹ́, ẹ̀rù máa ń bà mí."

"Tí ìyá bá padà wá búra pé mẹ́rìndínlógún ni ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé ó búra èké lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Ìyá lè wọ ẹ̀wọ̀n, kí ọmọ má sì jáde."

Mo sọ ọ́ fún Mẹ̀dínátù bó ṣe rí. Ọmọ mẹ́ta ló kù sílé tí wọ́n ń wojú rẹ̀. Ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Kí wọ́n mú mi," ló wí. "Èmi ti mọ bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Òun ò tíì mọ̀ ọ́n." Mo tẹ mẹ́rìndínlógún sínú ìwé tuntun, ó sì búra sí i.

Nígbà tí ẹjọ́ pé lọ́jọ́bọ̀, Àlùfáà Ṣàíbù, tó sọ ọmọ náà lórúkọ, gbé ìwé kéwú àtijọ́ kan wá. Gbogbo ìsọmọlórúkọ tó bá ṣe ló ń kọ sẹ́yìn rẹ̀. Ó kà á: "Ridwanullah ọmọ Jibril, oṣù kẹjọ, ọdún 2003. Bàbá kò sí níbẹ̀. Bodè tì."

Lọ́dún náà, ìjọba ti bodè fún ọjọ́ díẹ̀. Jibril ti lọ sí Kétu lọ mú àgbò ìkómọ. Òun àti àgbò wà lódìkejì, ọmọ ń gba orúkọ níhìn-ín. Títí dòní, bí wọ́n bá fẹ́ fi Jibril ṣẹ̀fẹ̀ ní Eggua, wọ́n á ní àgbò rẹ̀ ò tíì dé. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín nínú kóòtù. Májísíréètì kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kọ nǹkan sílẹ̀.

"Èmi náà rántí bodè yẹn," ló wí. Ó kọjú sí Mẹ̀dínátù. "Ta ló ní kí o búra pé ogún?"

Mẹ̀dínátù ò wo ibi tí mo wà. "Èmi ni, Olúwa mi. Èmi nìkan."

Mo dìde.

"Irọ́ ló ń pa, Olúwa mi. Èmi ni mo fi ogún sí i lẹ́nu. Ẹ̀dà rẹ̀ nìyí. Ogójì mìíràn wà nínú páálí, mẹ́rìndínlógún nínú wọn sì wà lẹ́wọ̀n báyìí."

Májísíréètì yẹ ìwé náà wò, ó wo Ridwanullah tó dúró sínú àpótí, ó wò mí.

"Ẹ fa ọmọ náà lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ gba táípù obìnrin yìí, màá pè é fún ẹjọ́ tirẹ̀." Mo ti rò pé ó parí, ló bá fi kún un pé: "Lọ wá àwọn ìyá yòókù. Sọ fún wọn pé mi ò ní bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n búra. Ọjọ́ tí wọ́n bímọ ni màá bi wọ́n."

Ridwanullah jáde sínú oòrùn. Ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n etí ìró rẹ̀ ló dì mú títí wọ́n fi dé ojú títì.

Ìbídàpọ̀ pa òdo rẹ́ nínú rẹ́jísítà, ó kọ oókan sí i. "Tí ẹ bá kó àwọn tó kù dé," ló wí, "àwọn ọ̀gá Abẹ́òkúta á ní àwọn ọmọ Yewa ti bàjẹ́."

"Kí wọ́n wí i."

Mo wọ mọ́tò Òkè-Ọ̀dàn, mo gbé páálí mi lé itan. Ìwé tó wà lókè pátápátá, ọmọ Suliat ló ni ín. Ní ọjọ́ tí mo sọ ọmọ rẹ̀ di ọmọ ogún ọdún, ìbẹ́pẹ pípọ́n méjì ló fi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Láti Ìlaròó dé Òkè-Ọ̀dàn ni mo ń wá gbólóhùn tí màá kọ́kọ́ sọ fún un.