Iná Pupa Lórí Ikùn Ọmọ Ọ̀jọ̀gbọ́n

Ẹ ti fura, ẹ kò sì ṣìnà: ẹ̀rọ tí a bá pe àlejò pàtàkì wá wò, ọjọ́ náà gan-an ni yóò kọṣẹ́. Ohun tí ẹ kò lè mọ̀ ni ẹni tí ikùn rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀rọ náà nígbà tó kọṣẹ́, nítorí kò sí ẹni tó ní làákàyè tí yóò gbé irú ikùn bẹ́ẹ̀ síbẹ̀, àyàfi Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wa kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ pé Ọlọ́run fún un ní ọpọlọ, àwọn ènìyàn sì tètè sọ fún un. Ọdún mẹ́rin ló ti lò nínú yàrá ìwádìí kan ní yunifásítì, níbi tí wáyà ti lọ́ mọ́ra bí ìfun, tí wọ́n fi ìdìpọ̀ ìwé ìwádìí àtijọ́ ti ẹsẹ̀ kan bẹ́ẹ̀dì àyẹ̀wò kó má baà mì. Síkáànù tuntun ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, tí kò tóbi ju páálí bàtà lọ. Síkáànù tí gbogbo wa mọ̀ máa ń fi ìró tí etí kò lè gbọ́ ya àwòrán inú, ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni yóò sì jókòó túmọ̀ àwòrán náà. Ti Ọ̀jọ̀gbọ́n kò fẹ́ ìtumọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé orí ẹ̀rọ náà, tí kò ju ìkúùkù lọ, lé ikùn aláboyún. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá ọkàn ọmọ lọ. Bí iná kékeré ara rẹ̀ bá tàn rúsúrúsú, ó ṣì ń wá a. Bí ó bá di àwọ̀ ewé, ó ti rí i, ó sì ń lù. Bí ó bá pọ́n, ọkàn kankan kò lù níbẹ̀.

"Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè lò ó," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń wí, ní ìpàdé, nínú lẹ́tà, àti nídìí oúnjẹ alẹ́, títí ọmọ rẹ̀ obìnrin fi mọ ìtumọ̀ iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni mọ orúkọ ẹbí.

Lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, ìgbìmọ̀ tó ń fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ìwé àṣẹ ń bọ̀. Bí wọn kò bá fọwọ́ sí i, ẹ̀rọ náà kò ní kúrò nínú yàrá yẹn láéláé. Aláboyún pọ̀ nígboro, ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọmọ òun ni wọn yóò lò. Oyún oṣù méje ló wà nínú ọmọ náà, oyún tó ti ṣíwájú rẹ̀ sì bàjẹ́ ní oṣù kẹfà.

"Dádì, ẹ wá ẹlòmíràn."

"Ẹlòmíràn bí i ta? Ọmọ-ọmọ mi ni yóò kọ́kọ́ kí ìgbìmọ̀. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ikùn ilé rẹ̀ ló ń gbé e lé."

"Ikùn ilé yín kọ́ lèyí, sà. Ikùn tèmi ni."

Síbẹ̀ ó gbà. Bàbá ni bàbá ń jẹ́. Àti pé ìyá tó ti sọ oyún nù rí kò ní kọ ohunkóhun tó bá máa jẹ́ kó tún gbọ́ pé ọkàn ń lù.

Ẹnì kan ṣẹ́kù tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: Ìyá Jẹ́ẹ̀lì. Agbẹ̀bí ni, ọgbọ̀n ọdún ló fi gbẹ̀bí kó tó fẹ̀yìn tì, wọ́n wá gbà á sí yàrá ìwádìí kó máa tọ́jú àwọn aláboyún tó ń wá fún àyẹ̀wò. Òun ló ń da jẹ́ẹ̀lì tútù yẹn sí wọn níkùn, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n bá a níbi tó ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá, ẹ bá wa jókòó sí kọ́rídọ̀ lónìí."

"Kí ni mo ṣe, Pùròfẹ́sọ̀?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Bí ìgbìmọ̀ bá rí agbẹ̀bí nídìí ẹ̀rọ, wọn á ní agbẹ̀bí ló ń ṣiṣẹ́."

"Ta ló máa wá gbé e lé e níkùn?"

"Èmi ni."

Ìyá Jẹ́ẹ̀lì wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo kóòtù funfun tí wọ́n lọ̀ débi pé igun rẹ̀ lè gé búrẹ́dì. "Ẹ rọra o. Ènìyàn nìyẹn, kì í ṣe Ìyàwó Kékeré."

Ìyàwó Kékeré ni wọ́n ń pe ikùn oníróbà tó wà lórí tábìlì, tí ọmọ oníróbà tí ọkàn rẹ̀ ń lù wà nínú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fi í dánra wò nígbà mọ́kànlá lánàá, nígbà mọ́kànlá ni iná sì di àwọ̀ ewé. Ọmọ oníróbà níwà: ibi tí a bá fi í sí ló ń gbé.

Ìgbìmọ̀ dé, ènìyàn mẹ́ta. Alága wọn jẹ́ obìnrin olóhùn jẹ́jẹ́. Àwọn ọkùnrin méjì tó tẹ̀ lé e ń kọ ohunkóhun tó bá wò sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ sí iwájú.

"Àwọn bàbá wa ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run," ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì dúró díẹ̀ kí wọ́n lè gbádùn rẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn mi, àwa ti mọ̀ ọ́n báyìí."

Ó da jẹ́ẹ̀lì sí ikùn ọmọ rẹ̀ tó ti dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó pọ̀ jù, ó ṣàn lọ sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ọmọ rẹ̀ sì gbọ̀n rìrì. Ó gbé orí ẹ̀rọ lé agbedeméjì ikùn náà gẹ́lẹ́, níbi tó ti ń gbé e lé Ìyàwó Kékeré. Iná tàn rúsúrúsú.

"Ó ń wá a," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

Ó wá a títí. Fáànù inú ẹ̀rọ ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò. Iná pọ́n.

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí à ń rín sí ọmọ ẹni tó bá dójú tini níwájú àlejò. Ó nu orí ẹ̀rọ, ó tún gbé e lé e. Rúsúrúsú. Pupa.

"Dádì."

"Má sọ̀rọ̀, ìwọ. Ọ̀rọ̀ máa ń mi ikùn."

Ọmọbìnrin náà di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Ó ń gbìyànjú láti rántí ìgbà tí ọmọ inú rẹ̀ tàpá kẹ́yìn. Ṣé inú mọ́tò ni? Àbí kòtò ojú ọ̀nà ló mi òun? Òótọ́ ni pé ó tàpá lánàá. Àná ti jìnnà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé e lẹ́ẹ̀kẹta. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Nígbà tí iná pọ́n, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan sílẹ̀ mọ́.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni Alága wí, ohùn rẹ̀ sì tún rẹlẹ̀ sí i, "ẹ là wá lọ́yẹ̀. Ṣé ẹ̀rọ ló ṣì í, àbí..."

Ó wù mí kí n sọ fún yín pé Ọ̀jọ̀gbọ́n ju ẹ̀rọ nù lójú ẹsẹ̀, tó sì di bàbá. Irọ́ ni màá pa. Ó ronú. Bó bá ní ẹ̀rọ ṣì í, ìwé àṣẹ ti lọ. Bó bá ní kò ṣì í, ọmọ-ọmọ òun ti kú. Ẹlòmíràn ì bá mú ọ̀kan nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe lásán ni wọ́n ń pe ènìyàn ní ọ̀jọ̀gbọ́n: ó wá ọ̀rọ̀ kẹta rí.

"Àbájáde yìí," ló wí, "nílò àgbéyẹ̀wò síwájú sí i."

"Dádì, ọmọ mi ńkọ́? Ṣé ó wà láàyè?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n ń wo iná.

Ọmọbìnrin náà yí orí sí ẹnu ọ̀nà. Kò pariwo, ó kàn pè bí ẹni pe ìyá rẹ̀ láti inú yàrá. "Màmá. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀."

Ìyá Jẹ́ẹ̀lì wọlé. Kò wo ìgbìmọ̀, kò wo Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó kúnlẹ̀, ó kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kan ikùn náà. Ọwọ́ rẹ̀ ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó dúró lápá òsì, nísàlẹ̀, ó fi ìka tẹ ibẹ̀ bí ẹni ń wo bóyá èso ti pọ́n.

"Ta ló ń bínú níbí?" ló bi ikùn náà. "Ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ìbàdí ìyá rẹ̀ ló lọ sápamọ́ sí. Agbéraga ọmọ, ó mọ ẹni tó fi jọ."

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ìgbìmọ̀ wú ikọ́ kó má baà rẹ́rìn-ín. Ìyá Jẹ́ẹ̀lì gba orí ẹ̀rọ lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó gbé e sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan. Rúsúrúsú. Kò pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, iná di àwọ̀ ewé, ìró sì kún yàrá, kíkékiké, kíkékiké, bí ẹṣin kékeré tó ń sáré. Méjìlélógóje ní ìṣẹ́jú kan.

Ọmọbìnrin náà fi apá bo ojú, ó ń sunkún. Ọ̀jọ̀gbọ́n di orí bẹ́ẹ̀dì mú, ó tẹjú mọ́ ọmọ rẹ̀. Mo bọlá fún un níhìn-ín: ó jẹ́ bàbá fún odidi ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ó na kóòtù rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ti rí i," ló sọ fún ìgbìmọ̀. "Ara ẹ̀rọ le. Èmi ni inú mi ò balẹ̀, nítorí ọmọ ẹni ni. Ẹ̀dá ni wá."

"Ẹ̀dá ni wá lóòótọ́," ni Alága wí. "Ẹ jẹ́ ká rí ìwé àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò yín."

Inú Ọ̀jọ̀gbọ́n dùn. Òun fúnra rẹ̀ ló sáré gbé ìwé ńlá náà wá, tó sì ṣí i. "Obìnrin ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. Ẹ̀rọ sọ òótọ́ fún ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́sàn-án. Ẹ ò ní rí irú rẹ̀ níbikíbi."

"Mẹ́ta tó ṣì ńkọ́?"

"Àwọn obìnrin mẹ́ta yẹn sanra. Mo ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tí mo tẹ̀ jáde."

Alága fi ìka tọ ìlà òòró tó gbẹ̀yìn lójú ìwé, èyí tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó gbé ẹ̀rọ lé ikùn sí, ó tọ̀ ọ́ láti ojú ìwé kan dé òmíràn, títí ó fi parí rẹ̀. Ó wá yí ìwé náà kọjú sí Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ìyá Jẹ́ẹ̀lì ló gbé ẹ̀rọ lé ikùn obìnrin ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́sàn-án. Mẹ́ta tó kù, lọ́sẹ̀ tí ibà dá a dùbúlẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n ló gbé e lé wọn.