Aṣọ Kékeré Inú Àpótí Gíláàsì

Namoe tún fún ọyàn rẹ̀. Ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sì tẹjú mọ́ ife kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ife náà gbẹ. Ó gbé e sí ọyàn kejì. Ibẹ̀ náà gbẹ.

"Obìnrin tó ń fún òkúta," ni Naduk wí láti orí bẹ́ẹ̀dì kejì. Ọmọ tirẹ̀ ń mu ọmú, ẹnu rẹ̀ ń dún bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀. "Fi í sílẹ̀ jàre, kó o sinmi. Ká ní ewúrẹ́ ni ọ́, wọn ì bá ti pa ọ́ jẹ."

"Bí wọ́n bá pa mí, kí wọ́n má fún ọ níbẹ̀ o. Egungun lásán ló kù lára mi, eyín rẹ á kán."

Naduk rẹ́rìn-ín. Namoe náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ẹnu rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ wà ní yàrá kejì, nínú àpótí gíláàsì. Oṣù rẹ̀ kò pé kí ó tó wáyé. Ó kéré débi pé igbá tí wọ́n fi ń mu ọtí ọkà bàbà lè gbà á. Wọ́n kọ́kọ́ fún un ní wàrà inú agolo, ikùn rẹ̀ wú, ó le gbagidi, dókítà sì ní kí wọ́n dá a dúró. Ó ní omi ọyàn ìyá rẹ̀ nìkan ló lè gbé e ró, ìba díẹ̀ náà tó, ṣùgbọ́n kí ó tètè dé. Ó ní ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbé e jáde kúrò nínú àpótí títí èémí rẹ̀ yóò fi máa lọ déédéé.

Ọmọ náà kò tíì ní orúkọ. Ní ilé Lowal, ọkọ Namoe, omi ọyàn ìyá ni wọ́n fi ń sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n á fi ìka tọ́ ọ sí i lẹ́nu, wọ́n á máa pe orúkọ àwọn àgbà tó ti lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí ọmọ bá fa ìka mu sí ni tirẹ̀. Nítorí náà "Ọmọ Namoe" ni wọ́n kọ sára àpótí náà, bí ẹni pé àlejò ni.

Ohun tó dun Namoe jù ni pé omi ọyàn kì í ṣe àjèjì sí i. Ní ọdún tí òjò kọ̀, tí wọ́n ń se ewé igbó jẹ láìní iyọ̀, ó bí ọmọbìnrin kan, ikọ́ sì pa á. Lẹ́yìn ìgbà náà, bí ọmọ aládùúgbò bá ti ké, aṣọ àyà rẹ̀ á rin. Á yọ́ lọ sẹ́yìn ọgbà ẹlẹ́gùn-ún, á fún un dà sórí iyanrìn, iyanrìn á sì fà á mu. Nígbà náà omi wà, ẹlẹ́nu kò sí. Nísinsìnyí ẹlẹ́nu dé, omi kò sí.

Ọkàn rẹ̀ ń wá Lowal. Lowal ti da màlúù lọ sẹ́yìn òkè, níbi tí koríko kù sí, kò sì mọ̀ pé ọmọ ti dé. Namoe ń wá òórùn èéfín tó máa ń wà lára aṣọ rẹ̀. Ó ń wá orin tó máa ń kọ lábẹ́ imú bó bá ń bọ̀ láti pápá, orin tí kò ní ju orúkọ màlúù lọ. Ọṣẹ nìkan ni ilé ìwòsàn ń rùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni Nakong, ìyá Lowal, dé. Ẹsẹ̀ ló fi rin ọ̀nà náà láti ilé, eruku bò ó dé orúnkún. Ó kí Namoe, ó wo inú ife. Ó béèrè ibi tí ọmọ wà, ó sì lọ síbẹ̀ nìkan.

Nígbà tó padà, aṣọ kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Namoe mọ̀ ọ́n. Aṣọ funfun tó wà lábẹ́ ọmọ rẹ̀ nínú gíláàsì ni. Nakong ká a sórí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó ń gbé e bọ̀ jẹ́jẹ́.

Ẹni tí wọ́n bí sáàárín màlúù mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bí ọmọ màlúù bá kú, ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kí wàrà sọ̀. Nígbà náà ni wọ́n á bó awọ ọmọ náà, wọ́n á fi koríko kún un, wọ́n á gbé e síwájú ìyá kí ó gbóòórùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ màlúù tó wà láàyè.

Ife bọ́ lọ́wọ́ Namoe.

"Ẹ ti gbé e lọ!" Igbe rẹ̀ gba gbogbo yàrá. "Ó ti kú, ẹ wá fi aṣọ rẹ̀ tàn mí! Èmi kì í ṣe màlúù! Màmá, mo ní èmi kì í ṣe màlúù!"

Ọmọ Naduk bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Nakong fa aṣọ náà mọ́ àyà. Nọ́ọ̀sì Achia ló sáré wọlé. Ó di Namoe lápá mú, ó sì fà á dé ẹnu ọ̀nà yàrá kejì.

"Wò ó dáadáa. Ta ló ń mí yẹn?"

Lẹ́yìn gíláàsì, ikùn kékeré náà ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀. Aṣọ mìíràn ti wà lábẹ́ rẹ̀. Namoe fi iwájú orí ti ògiri.

"Èmi ni mo jẹ̀bi," ni Achia wí. "Màmá béèrè aṣọ náà, mo sì fún wọn. Ó yẹ kí n ti wá sọ fún ọ ṣáájú. Èmi náà, inú ọgbà màlúù ni wọ́n bí mi sí. Ó yẹ kí n rò ó."

Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì, Nakong sì rọra jókòó sí ìpẹ̀kun rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ lé.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí omi ọyàn kò fi wá. Kókó kan wà lábẹ́ ọpọlọ," ni Achia wí. "Kò ju ẹ̀wà kan lọ."

"Ẹ̀wà?" Nakong kò lè pa á mọ́ra. "Gbogbo orí tó tóbi báyìí, ẹ̀wà ló ń pàṣẹ fún un?"

"Ẹ̀wà ni, Màmá. Bí ìyá bá gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀, tàbí ó gbóòórùn rẹ̀, kókó yẹn á da oje kan sínú ẹ̀jẹ̀. Oje náà á gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ọyàn, á ní, 'Onílé ti dé, ẹ ṣílẹ̀kùn.' Nígbà náà ni omi ọyàn tó sọ̀. Ṣùgbọ́n kókó méjì mìíràn wà lórí kíndìnrín, ẹ̀rù ni iṣẹ́ tiwọn. Bí ẹ̀rù bá ti bà ọ́, wọ́n á da oje tiwọn, wọ́n á ní, 'Àwọn olè màlúù wà níta, ẹ má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni.' Namoe, láti ọjọ́ tó o ti bímọ ni àwọn yẹn ti ń pariwo nínú ara rẹ."

"Ṣé omi wà níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló tì?"

"Mo rò bẹ́ẹ̀."

"Báwo ni mo ṣe máa pa wọ́n lẹ́nu mọ́?"

"O ò lè bá wọn jà. Jẹ́ kí kókó ti abẹ́ ọpọlọ gbọ́ ohun tó ń dúró dè."

Namoe wo aṣọ tó wà lórí ẹsẹ̀ Nakong. Ó rántí Nakori, màlúù alámì tótòtó tí Lowal fẹ́ràn. Nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, ó rí i tó ń lá awọ tí wọ́n fi koríko kún, ó sì rẹ́rìn-ín, ó ní màlúù yìí gọ̀.

"Màmá, Nakori kò mọ̀ pé koríko ni?"

"Ó mọ̀. Ta ló lè fi koríko tan ẹni tó bímọ?" Nakong ń fi ìka pa etí aṣọ náà. "Ó kàn ń wá a ni. Kì í ṣe torí pé ọmọ ti kú ni mo ṣe gbé èyí wá. Mo rí i pé ògiri wà láàárín yín."

Namoe na ọwọ́, ó gba aṣọ náà, ó sì fi bo imú.

Òórùn ọṣẹ ni ó kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà, lábẹ́ ọṣẹ, ohun mìíràn wà, ó gbóná díẹ̀, ó dàbí orí ilẹ̀ tí òjò àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ó fà á símú, ó tún fà á símú. Nakong lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin lábẹ́ imú. Orin Lowal ni. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Lowal ti kọ́ ọ. Omijé Namoe ń ṣàn sínú aṣọ, kò nù ún.

Ó kọ́kọ́ rò pé ẹ̀gún ló gún òun láyà. Lẹ́yìn náà ó mọ̀ ọ́n, bí ènìyàn ṣe ń mọ ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi. Achia ti gbé ife mìíràn síbẹ̀. Ẹ̀kán omi ọyàn kan bọ́, òmíràn tẹ̀ lé e. Ó pọ́n díẹ̀ bí oyin, kò sì bo ìdí ife tán.

"Ó mà kéré o," ni Namoe wí.

"Ikùn tirẹ̀ náà kéré," ni Achia dáhùn.

Achia ní ìka kan péré ló gbọdọ̀ wọ ojú ihò ara àpótí náà. Nakong fọ ọwọ́, nítorí ìyá bàbá ló ni iṣẹ́ ìsọmọlórúkọ. Nígbà tó dé iwájú gíláàsì, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìwọ ni kó o fi ìka sí i. Èmi á máa pe orúkọ."

Namoe fọ ọwọ́ tirẹ̀, ó ti ìka ọmọńdinrín bọ inú ife, ó sì na án wọlé. Ètè ọmọ náà rọ̀ ju ohunkóhun tó ti fọwọ́ kàn rí lọ.

"Lokut," ni Nakong pè. Ẹnu náà kò mira.

"Lomonyang."

Kò mira. Namoe tún ti ìka bọ ife. Ó ń gbọ́ èémí ara rẹ̀.

"Locheng," ni Nakong wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, nítorí orúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti lọ ni.

Ẹnu kékeré náà pa dé mọ́ ìka. Ó fà á, ó sinmi, ó tún fà á. Kò lágbára ju kòkòrò tó ń rìn lórí awọ lọ, ṣùgbọ́n Namoe mọ̀ ọ́n ní gbogbo ara. Kí ó tó mọ̀, omi ọyàn ti rin iwájú aṣọ rẹ̀, ó ń kán sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ àti sórí ilẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì!" Nakong pariwo bí ẹni tó wà láàárín agbo màlúù. "Gbé igbá wá! Gbé igbá wá kíákíá, ó ń ṣòfò!"

Namoe kò yọ ìka. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti gíláàsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ẹni tó wà lẹ́yìn òkè fún ọmọ náà.